Ìyẹ̀ Dúdú Abẹ́ Asẹ́

Ìyẹ̀ tó jáde lára kẹ̀kẹ́ aláìsàn tó fọ́ ló ba ẹ̀dọ̀fóró Ọwọ́-Òwú jẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n bí i tẹ̀lé ló sì gbé asẹ́ lé e lọ́wọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Àwọn aládùúgbò fẹ́ràn láti fi epo pa á lára. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni, wọ́n ní àìmọ̀ ni. Àmúwá Ọlọ́run kọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àìmọ̀.

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì wà, yàrá méjì tó wọnú ara wọn. Yàrá iwájú ní ilẹ̀kùn fífẹ̀ tó kọjú sí títì. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n máa ń jókòó sí, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, ayùn, àti àwọn irin tó fi ń há nǹkan mọ́ra títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Yàrá inú kéré, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ibẹ̀ ni àbúrò ń ṣiṣẹ́. Lẹ̀ẹ́pọ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bí èèyàn bá gbé nǹkan tó fọ́ wá, kó tó ráyè ròyìn ẹni tó fọ́ ọ, àti bó ṣe dun òun tó, obìnrin náà á ti ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀, a ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ṣe mọ́ ọn lára. Ọwọ́-Òwú ní tirẹ̀, bàbá wọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí bó bá fi sáńpépà kọjá lójú ibi tí wọ́n lẹ̀, o lè fi ahọ́n lá a, o ò ní mọ ibi tó ti fọ́.

Ọmọbìnrin méjì péré ni bàbá náà bí. Ó kọ́ wọn níṣẹ́ bí ẹni kọ́ ọmọkùnrin, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má bínú.

Ohun méjì ló fi lé wọn lọ́wọ́ kó tó kú. Èkíní ni pé a kì í fi ara àlejò dí ojú ọgbẹ́. Bí nǹkan bá fọ́, wọ́n á mú díẹ̀ lára àfọ́kù rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pò ó, òun ni wọ́n á fi dí ojú ibi tó sán. Igi ni o, ike ni o, ìwo màlúù ni o, bákan náà. Àwọ̀ á bá àwọ̀ mu, ara á mọ ara. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù yòókù ń ra ìdíhò inú agolo. Lójú bàbá wọn, ìyẹn ò yàtọ̀ sí kéèyàn fi eyín ajá dí àlàfo ẹnu ọmọ rẹ̀.

Èkejì ni pé ẹni tó ń ta nǹkan kì í fẹ́ kí o tún un ṣe. Ọkùnrin náà ti tú fáànù, ó ti tú áyọ́ọ̀nù, rédíò àti ẹ̀rọ ìránṣọ, tí wọ́n kọ ọ́ sí gbogbo wọn lára pé ewu ńlá ń bẹ fún ẹni tó bá ṣí i. Kò rí ewu kankan nínú wọn ju eruku àti aáyán lọ. Gbogbo bébà ìkìlọ̀ tó bá ṣí kúrò lára wọn, ara ògiri ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. *Má ṣí i. Òṣìṣẹ́ wa nìkan ló lè fọwọ́ kàn án. Bí o bá tú u, ọwọ́ wa ò sí níbẹ̀.* Oníbàárà á jókòó, á máa kà wọ́n, á máa rẹ́rìn-ín. "Ìkìlọ̀ ẹni tó ń tajà," ni bàbá máa ń wí, "ìpolówó ni."

Bàbá náà kò purọ́. Ohun tó rí láyé ló sọ.

Ọdún tí ilé ìwòsàn kó kẹ̀kẹ́ dúdú wọlé, aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n wá sọ̀rọ̀ nínú àgbàlá. Lẹ̀ẹ́pọ̀ àti àbúrò rẹ̀ lọ dúró lẹ́yìn. Ọkùnrin náà fi ìka kan ṣoṣo gbé odidi kẹ̀kẹ́ aláìsàn sókè, gbogbo èèyàn ṣe háà. Ó ní àwọn onímọ̀ ti kó èérún tí ojú ò lè rí jọ, èérún tó jẹ́ pé bí wọ́n bá la fọ́nrán irun kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló ṣe déédéé rẹ̀. Wọ́n wá hun àwọn èérún yìí pọ̀ bí ẹni hun ẹní. Ó ní ó le ju irin lọ, ó fúyẹ́ ju páálí lọ. Ó ní ọ̀la ti di òní.

"Ó ga o," ni Lẹ̀ẹ́pọ̀ sọ sí àbúrò rẹ̀ létí. "Ọ̀la di òní. Òní wá di kí ni? Ká ní ọkọ́ ni ẹnu ọkùnrin yìí, à bá ti ro oko ọdún yìí tán."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Wọ́n ń wò wá."

"Kí wọ́n wò wá. Àwa náà ń wò wọ́n."

Ní òótọ́, kẹ̀kẹ́ náà dára. Odidi rẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọmọ kékeré lè fi ti ìyá rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá láìlàágùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sán níbi ìgbọ́wọ́lé, níbi tí àwọn aláìsàn máa ń fi gbogbo agbára tẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ dìde.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹrù ilé ìwòsàn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Sítọ́ọ̀, ló ti àkọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi aṣọ ibùsùn bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni gbé òkú.

"Ìyá Lẹ̀ẹ́pọ̀, ẹ dákun, ẹ má pariwo mi."

"Kí lẹ jí?"

"N ò jí nǹkan kan. Wọ́n ní bó bá fọ́, ká dá a padà fún àwọn tó ṣe é. A dá mẹ́ta padà. Oṣù kẹrin rèé, a ò rí kẹ̀kẹ́, a ò rí ẹni tó wá gbé e. Lánàá, ẹ̀yìn ni mo fi pọn bàbá arúgbó kan lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá ń bú mi, èmi náà ń bú u."

"Pẹ̀lú ìbàdí yín yìí? Ọlọ́run ló yọ bàbá yẹn."

Bí wọ́n ṣe ń ṣàwàdà, Ọwọ́-Òwú ti dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀. Bébà pupa kan wà lábẹ́ ìjókòó. Ó kà á sókè: "Bí ó bá fọ́, ẹ má gé e, ẹ má ha á, ẹ má lọ̀ ọ́. Ẹ má fa eruku rẹ̀ símú. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sì dá a padà."

"Kí ẹ sì dá a padà," ni Lẹ̀ẹ́pọ̀ wí, "kí ẹ sì máa pọn bàbá arúgbó kiri títí a ó fi rántí yín."

Bàbá Sítọ́ọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ògiri mú. Ọwọ́-Òwú ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, eléyìí ò jọ àwọn tó wà lára ògiri."

"Ó pupa ni. Òun nìkan ni."

"Rárá, mà. Àwọn yẹn ní ká má ṣí i, ká má tú u. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ká má lọ nǹkan. Ta ló máa ń lọ rédíò? Ta ló sọ fún àwọn èèyàn yìí pé ẹnì kan wà láyé tó lè fẹ́ lọ kẹ̀kẹ́? Kò ní burú ká bi wọ́n. Ohun kan ní láti wà tí wọ́n mọ̀ nípa ìyẹ̀ rẹ̀."

Ìbéèrè náà dára. Lẹ̀ẹ́pọ̀ mọ̀ pé ó dára, ohun tó sì bí i nínú nìyẹn. Ojú àlejò ni wọ́n ti bi í, kò sì ní ìdáhùn. Àgbà tí kò bá ní ìdáhùn lọ́wọ́, ọjọ́ orí ló máa ń nà síta.

"Ṣé èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí, àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ta ni bàbá fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Gbé asẹ́."

Ọwọ́-Òwú gbé asẹ́. Lẹ̀ẹ́pọ̀ ṣí bébà pupa náà kúrò, ó fi gọ́ọ̀mù tó dára jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láàárín ti fáànù àti ti áyọ́ọ̀nù. Bàbá Sítọ́ọ̀ ní ó bá ibẹ̀ mu.

Ẹni tí wọ́n ti fi okùn dẹ́rù bà lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí ejò bá dé, á ní okùn ni. Òótọ́ kan ṣoṣo tí àwọn ọlọ́jà sọ láti ìgbà tí bàbá wọn ti ń ṣí bébà, òun ni Lẹ̀ẹ́pọ̀ fi rẹ́rìn-ín.

Ìyẹ̀ náà ò jọ ìyẹ̀ kankan tí wọ́n rí rí. Ìyẹ̀ igi máa ń bọ́ sílẹ̀. Ìyẹ̀ ike máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lára. Eléyìí kì í bọ́, kì í lẹ̀. Bí Ọwọ́-Òwú bá lọ̀ ọ́ tán, tó dà á sínú asẹ́, tó gbọ̀n ọ́n, á gòkè bí èéfín, á sì dúró síbẹ̀. Bí oòrùn bá yọjú lójú fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyẹ̀ àná ṣì wà lójú afẹ́fẹ́, á máa dán, á máa yí po pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi pé ó ń ronú.

Wọ́n ti fèrèsé náà. Kì í ṣe ti ewu. Ìyẹ̀ ò pọ̀ ni. Ihò ni inú ọ̀pá kẹ̀kẹ́ náà, ohun téèyàn lè mú lára àfọ́kù rẹ̀ kéré, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ wọlé, á gbé ìdajì lọ. Lẹ̀ẹ́pọ̀ fúnra rẹ̀ ló ki àkísà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá méjèèjì, kí ìyẹ̀ má baà ṣòfò. Òun wà níta lẹ́nu ọ̀nà, atẹ́gùn títì ń fẹ́ sí i.

Ọwọ́-Òwú so aṣọ mọ́ imú. Asẹ́ tó kúnná jù lọ tí wọ́n ní ò dá ìyẹ̀ náà dúró, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti aṣọ. Bó bá tú u nírọ̀lẹ́, ilà dúdú á ti wà lábẹ́ imú rẹ̀ bí irunmú ọkùnrin.

"Bàbá wa dé!" ni Lẹ̀ẹ́pọ̀ á wí, á dìde, á kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ọ̀run ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní iṣẹ́ yín ò dán tó."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì máa ń rẹ́rìn-ín dáadáa ní àkókò yẹn.

Láàárín oṣù mẹ́wàá, kẹ̀kẹ́ mẹ́tàlélógójì ló gba ọwọ́ wọn kọjá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tún sán lójú ibi tí wọ́n dí. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wá fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ìgbọ́wọ́lé kan síwá sẹ́yìn, kò rí ojú àlẹ̀ rẹ̀, ó mi orí. Iṣẹ́ náà dára, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ wọn. Ó dára ju èyí tí àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà ṣe lọ.

Ikọ́ Ọwọ́-Òwú bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Gbígbẹ ni, kì í mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá. Lẹ̀ẹ́pọ̀ fún un ní omi gbígbóná àti oyin. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó ní ikọ́ ọ̀lẹ ni. Nígbà tí oṣù méjì kọjá, ńṣe ló ń gbé ohùn rédíò sókè kí òun má baà gbọ́ ọ láti yàrá inú.

Ọwọ́-Òwú ní yàrá kan tó gbà fúnra rẹ̀, ní òkè kẹta ilé kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé títí ó fi pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Yàrá yẹn ni ohun àkọ́kọ́ láyé tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan: bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, àti fèrèsé tó ń wo orí òrùlé àwọn ẹlòmíràn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá òun tún un ṣe. Ọjọ́ kan, Lẹ̀ẹ́pọ̀ tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ní òkè kìíní, Ọwọ́-Òwú dúró, ó fi orí ti ògiri, ó ń fọwọ́ tú inú báàgì.

"Kí lò ń wá?"

"Kọ́kọ́rọ́."

Wọ́n gòkè díẹ̀ sí i. Ó tún dúró.

"Kí ló tún kù?"

"Kọ́kọ́rọ́ náà ni."

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ̀ẹ́pọ̀ rí i láàárín ìka rẹ̀, ó rí bí ètè rẹ̀ ṣe ti dúdú, ó rí bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò bí ti ẹyẹ tí ọwọ́ tẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí èémí fi padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tó rí wọn ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé fọ́tò àyà sí ojú iná, ó wò ó pẹ́.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, mà?"

"A ń tún nǹkan tó fọ́ ṣe," ni Lẹ̀ẹ́pọ̀ dáhùn.

"Irú nǹkan wo?"

Kẹ̀kẹ́ dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì dókítà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tún ṣe. Ọwọ́-Òwú ló nàka sí i.

Dókítà jókòó. Ó sọ ọ́ láìfi adùn kankan sí i, Lẹ̀ẹ́pọ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn nítorí ìyẹn. Ó ní odidi ohun náà ò lẹ́ṣẹ̀, torí àwọn èérún rẹ̀ di ara wọn mú. Bó bá fọ́, tí wọ́n wá lọ̀ ọ́, ńṣe ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀. Wọ́n kéré débi pé imú ò lè mú wọn, ọ̀fun ò lè mú wọn, wọ́n á lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ara ò sì ní mọ bí òun ṣe lè lé wọn jáde. Ẹran ara á wá máa le yí wọn ká, díẹ̀díẹ̀, títí àyè ò fi ní sí fún èémí.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Ṣé ẹ̀ ń wúkọ́?"

"Rárá."

"Ibo lẹ máa ń jókòó sí?"

"Ẹnu ọ̀nà," ni Lẹ̀ẹ́pọ̀ wí. Ó ń wo ilẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe kẹ̀kẹ́ ní ibi ìtọ́jú kan ní ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń fi omi oníyọ̀ fọ ẹ̀dọ̀fóró èèyàn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kì í ṣe ìwòsàn pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti fọ tiwọn ń rìn, wọ́n ń sùn, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìkìlọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá ti ka ìkìlọ̀ kó tó lọ̀ ọ́, wọ́n ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀.

Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n á rán ẹnì kan wá bi yín. Èmi ò bi yín bóyá ẹ rí bébà kankan. Ẹ má sọ fún mi."

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Lẹ̀ẹ́pọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó bu omi gbígbóná, ó mú ọ̀bẹ, ó kọjú sí ògiri. Gọ́ọ̀mù tirẹ̀ ni, kò sì fìgbà kan lẹ nǹkan kó tú. Bébà náà kúrò, àwọ̀ pupa rẹ̀ ò kúrò. Ó ní láti ha ògiri náà títí ó fi kan búlọ́ọ̀kù. Èékánná rẹ̀ méjì ya. Ó wá lẹ àwòrán òdòdó kan bo ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ bá Bàbá Sítọ́ọ̀.

"Bébà wo?" ni ọkùnrin náà wí kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Èmi ò mọ bébà kankan. Ìyá Lẹ̀ẹ́pọ̀, láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Èmi ni mo tì í wá."

"Ẹ̀yin lẹ tì í wá. Èmi ni mo gbà á. Ẹ jẹ́ ká jọ gbàgbé."

Ó ku àbúrò. Lẹ̀ẹ́pọ̀ rò pé ìyẹn ló rọrùn jù. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn, torí kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́.

"Bí wọ́n bá bi ọ́, o ò rí bébà kankan."

Ọwọ́-Òwú mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. "Ẹ ní kí n sọ pé n ò rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Pé n ò kà á. Pé n ò sọ nǹkan kan."

"Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Rárá," ni àbúrò rẹ̀ wí. "N ò fẹ́ kú rárá."

Lẹ̀ẹ́pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Obìnrin kan ni ilé-iṣẹ́ rán. Bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, kò sì ní ọ̀rọ̀ dídùn kankan lẹ́nu, ó kàn ní ìwé àti bírò. Yàrá iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n jókòó sí, torí ó fẹ́ rí ibi iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ bi Lẹ̀ẹ́pọ̀. Lẹ̀ẹ́pọ̀ purọ́ dáadáa. Ó ní kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé wá, kẹ̀kẹ́ làwọn tún ṣe, kò sí bébà, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Obìnrin náà kọ ọ́. Ó dà bíi pé òun náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó wá yíjú.

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ṣé ìkìlọ̀ kankan dé ọ̀dọ̀ yín?"

Ọwọ́-Òwú kó èémí jọ bí ẹni kó ẹrù. "Ó dé. Bébà pupa ni. Abẹ́ ìjókòó ló wà. Èmi ni mo kà á." Ó sì kà á láìwòwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ọ̀rọ̀ kan, ó ń dúró mí láàárín wọn.

"Ara rẹ̀ ò yá!" Lẹ̀ẹ́pọ̀ ti dìde. "Ẹ má dá a lóhùn, ìsinwín àìsàn ni. Ìwọ, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Orí mi pé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, mà. Ẹ kọ ọ́ pé mo béèrè. Pé mo ní bébà yìí ò jọ àwọn tó kù. Pé mo ní ká bi wọ́n. Kí ẹ kọ ìdáhùn tí wọ́n fún mi."

Obìnrin náà gbé bírò sókè. "Ṣé ẹ mọ̀ pé bí mo bá kọ ọ́..."

"Mo mọ̀."

Ó kọ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, torí ó ń dúró de èémí Ọwọ́-Òwú. Nígbà tó parí, ó kà á padà fún wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pa á láṣẹ, ohùn rẹ̀ tẹ́jú bí ohùn ẹni tó ń ka orúkọ: aláìsàn náà béèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìyẹ̀ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn pé, ṣé èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí, àbí ìwọ. Ọwọ́-Òwú mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Lẹ̀ẹ́pọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Mo purọ́ nítorí rẹ. Èmi tí n kì í purọ́. Mo ha ògiri bàbá wa. Kí ló dé?"

"Láti kékeré ni mo ti ń sọ ohun tí mo bá rí, tí ẹ̀ ń sọ fún mi pé wọ́n bí yín ṣáájú mi." Ó dúró, ó mí. "Mo gbà fún yín. Ní gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ kó wà nínú ìwé pé mo ríran."

"Ìwé yẹn á pa ọ́!"

"Ìwé kọ́," ni Ọwọ́-Òwú wí, ó ń wo àwòrán òdòdó ara ògiri.

Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní àwọn bá wọn kẹ́dùn láti ìsàlẹ̀ ọkàn, wọ́n ní ààbò gbogbo ènìyàn ló jẹ àwọn lógún jù lọ, wọ́n ní àwọn ò lè gba aláìsàn náà. Ìkẹ́dùn gba ìlà mẹ́sàn-án, ìdáhùn gba ọ̀kan. Lẹ̀ẹ́pọ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú sínú iná àdògán. Dókítà kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fèsì.

Lẹ̀ẹ́pọ̀ gbé àbúrò rẹ̀ padà sílé ara rẹ̀, torí àtẹ̀gùn ò ṣeé gùn mọ́. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ó ń jókòó tì í láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa àwọn aládùúgbò, nípa oníbàárà kan tó gbé eyín àtọwọ́dá bàbá rẹ̀ wá láti tún ṣe. Lẹ̀ẹ́pọ̀ gbìyànjú nígbà mẹ́ta láti bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ti gbé ayé láìbẹ ẹnikẹ́ni, kì í mọ ibi tí ẹ̀bẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà kẹta, Ọwọ́-Òwú gbé ọwọ́ lé e lórí apá, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," kò sì ṣeé mọ̀ bóyá ìdáríjì ni, àbí kò kàn ní èémí tó lè fi gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá lẹ́yìn tí lẹ́tà dé ni Ọwọ́-Òwú kú, ní ọ̀sán, ó wà ní ìjókòó. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni. Lẹ̀ẹ́pọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ara rẹ̀ le koko, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́ kedere nínú fọ́tò tí wọ́n yà fún un. Gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é ní ìyá. Kò sí ẹnì kankan láyé mọ́ tó lè pè é ní ẹ̀gbọ́n mi.